Ṣílè Mẹ́fà, Áúǹsì Kan

Òjò ti dá, àmọ́ omi ṣì ń kán láti etí páànù sínú korobá tó wà lẹ́yìn fèrèsé. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì náà ti dákẹ́, ó jọ pé epo rẹ̀ ló tán, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa gbọ́ igbe àwọn ọ̀pọ̀lọ́ láti ìhà odò. Láti ọdún 1984 tí mo ti ń gbé Ovwian nílẹ̀ Urhobo, irú òru tó dákẹ́ báyìí kò pọ̀ tí n kò lè kà á. Mo gbé àtùpà sórí tábìlì, mo tẹ́ aṣọ funfun, mo da àwọn ṣílè bàbá bàbá mi lé e lórí.

Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Mẹ́tàdínlógójì jẹ́ ṣílè kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà tó kù jẹ́ ṣílè méjì-méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo to ohun tí Mama gbé wá lánàá sí, mọ́kànlá péré, ṣílè kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn. Tèmi kì í ṣe títà, ọ̀rọ̀ wọn ti parí. Àwọn mọ́kànlá yìí ló gbé mi jókòó.

Mama kì í ṣe ìyá tó bí mi. Ọmọ Urhobo ni wọ́n, ilé wọn kò ju ilé mẹ́rin lọ sí tèmi, gàrí kpokpo ni wọ́n ń tà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo tẹrí ba, mo ní “Migwo”, wọ́n dá mi lóhùn pé “Vrẹndo”, wọ́n jókòó, wọ́n sì tú igun ìró wọn. Inú àpótí ìyá wọn tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti rí àwọn owó náà. Ẹnì kan ló sọ fún wọn lọ́jà pé fàdákà ni, pé èmi Yorùbá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ irin máa ń ra irú rẹ̀. “Ọmọ mi, wọ̀n wọ́n fún mi.” Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọn kò ní kí n wò wọ́n. Wọ́n ní kí n wọ̀n wọ́n. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó di òwúrọ̀.

Ìwọ̀n kò ṣòro. Òṣùwọ̀n kékeré mi wà nínú àpótí tábìlì. Ṣílè tí Gẹ̀ẹ́sì rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1913 títí di nǹkan bí 1920, ojúlówó fàdákà ni: tí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 925 jẹ́ fàdákà, bàbà tó ń mú un le ni ìyókù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n gíráàmù 5.65 nígbà tó jáde nílé ìrọwó, fàdákà tó mọ́ gaara inú rẹ̀ sì jẹ́ 5.23. Áúǹsì tí àwọn oníṣòwò fàdákà ń lò káàkiri ayé jẹ́ gíráàmù 31.1. Ìdí nìyẹn tí ṣílè mẹ́fà fi ń di áúǹsì kan, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Ti ṣílè méjì-méjì, mẹ́ta ló ń tó o. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò náà: wo iye tí wọ́n ń ra áúǹsì fàdákà lónìí, pín in sí mẹ́fà, o ti mọ ohun tí ṣílè kan máa mú wọlé tí wọ́n bá yọ́ ọ lálẹ́ yìí.

Mo kọ́kọ́ wọn tèmi, bóyá torí pé mo fẹ́ sún ọ̀rọ̀ Mama síwájú. Gbogbo rẹ̀ yẹ kó jẹ́ gíráàmù 277. Òṣùwọ̀n ka 271. Gíráàmù mẹ́fà ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò jí i. Àtẹ́lẹwọ́ ló jẹ ẹ́, àti àpò agbádá, àti igbá ìdáwó ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọmọ tó ń fi owó sẹ́nu kí ìyá rẹ̀ tó já a gbà. Ó ju odindi ṣílè kan lọ tó ti yó mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lára láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan lọ. Ẹni tó ń ra ìwọ̀n yóò yọ owó gíráàmù mẹ́fà kúrò. Ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ yóò yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú tó ti parẹ́ kò wù ú. Èmi kò lè yọ kọ́bọ̀ kan.

Bàbá bàbá mi jẹ́ òṣómàáló. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá. Aṣọ ni wọ́n ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n á fi sílẹ̀ láwìn, wọ́n á tún padà wá. Orúkọ iṣẹ́ náà ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: òṣó ni wọn yóò ló sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gbowó. Ohun tí wọ́n ń gbà nígbà náà ni ṣílè yìí. Kó tó di 1912, ṣílè Ìlú Ọba gan-an ni wọ́n ń ná ní Èkó àti lókè. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, ló ń kó fàdákà náà wọlé. Ní 1912 ni wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ owó kan kalẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, nígbà tó sì di 1913 owó tiwa jáde. Orí Ọba George Karùn-ún wà níwájú, igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn, ó dúró gbọnrangandan láàárín ọdún tí wọ́n rọ ọ́: 19 lápá kan, 13 lápá kejì. Mo máa ń ronú nípa ọ̀pẹ yẹn. Àwọn tó ń fi orí gbé epo pupa láti oko Urhobo wá sétí odò ń gba ọ̀pẹ gẹ́gẹ́ bí owó ọ̀pẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló bí gbogbo ìrònú tí mò ń rò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn arọwó Ìlú Ọba máa ń sọ áúǹsì fàdákà ìrọwó kan di ṣílè márùn-ún àbọ̀, ìyẹn kọ́bọ̀ 66 ayé ìgbà náà. Kí ogun 1914 tó bẹ́, fàdákà kan náà lọ́jà kì í sábà tó ìdajì ìyẹn. Ọba ń jèrè lórí ṣílè kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó ronú àtiyọ́ ọ. Ogun dé, fàdákà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 1920 ó ti dé kọ́bọ̀ 89 àbọ̀ fún áúǹsì kan. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ṣílè tó wà lọ́wọ́ ìyá aláta ti lówó lórí ju ṣílè lọ. Ìwọ̀n ti borí orúkọ. Ìlú Ọba dín fàdákà inú owó tirẹ̀ kù sí ìdajì lọ́dún yẹn; tiwa, wọ́n yọ fàdákà kúrò pátápátá, wọ́n fi idẹ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pẹ kan náà, ọba kan náà, ṣílè kan náà lẹ́nu, àmọ́ ó ti pupa.

Wọ́n ní bàbá bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Wọ́n ń gba méjèèjì. Owó idẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ná, owó fàdákà ni wọ́n ń jù sínú ìkòkò. Wọn kò ka ìwé kankan lórí ọrọ̀ ajé. Gbogbo ẹni tó ní ọgbọ́n díẹ̀ lọ́jà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí fàdákà fi pòórá lójú ọjà tí idẹ sì gbòde. Ìkòkò yẹn ni mo jogún ohun tó kù nínú rẹ̀. Tí mo bá fi ojú iye tí wọ́n kọ sí wọn lára ṣírò, ṣílè 49 ni. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 tí ṣílè sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, gbogbo ohun tí òṣómàáló kan ló òṣó fún ì bá jẹ́ náírà mẹ́rin àti kọ́bọ̀ 90. Ìwọ̀n ni kò jẹ́ kí wọ́n di yẹpẹ. Mo gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ìwọ̀n.

Ìwò ńkọ́? Bí mo ṣe kọ́ ìwò ṣì ń dùn mí. Nígbà tí bàbá mi kú ní 1997 tí àwọn owó náà bọ́ sọ́wọ́ mi, dúdú ni wọ́n, dúdú tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ nínú bí ọrùn ẹyẹlé. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Àwọn ẹbí ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ogún bàbá mi bẹ́ẹ̀. Mo gbo eérú mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo mú kànrìnkàn, mo fọ méjìlá nínú wọn títí wọ́n fi funfun bí eyín ọmọdé. Inú mi dùn. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà mo kó wọn dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ní Èkó tó ti ń kó owó àtijọ́ jọ láti ìgbà èwe. Wọ́n fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìka kan ti méjìlá tí mo fọ̀ sápá kan. “Ìwọ̀nyí ti di ti òṣùwọ̀n,” ni wọ́n wí. Wọ́n gbé dígí náà fún mi. Mo rí i: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba ti kún fún ìlà tín-tín-tín bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ tútù, imọ̀ ọ̀pẹ tó yẹ kó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ti wọnú ara wọn. Dúdú tí mo pè ní ìdọ̀tí ni awọ tí fàdákà ń hù fúnra rẹ̀ láàárín ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń san owó fún awọ yẹn. Mo bó o láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lórí òṣùwọ̀n, kò sí ohun tó yàtọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé iye méjì ló ń gbé inú owó kan, tí ọ̀kan lè kú kí èkejì má mọ̀. Iye ìwọ̀n le bí òkúta: iná kò pa á, eérú kò pa á, olè tó bá gbé e lọ sí Kano yóò rí i tà ní iye kan náà. Iye ìwò rọ̀ bí ẹyin. Àwọn àgbà ní ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Tí kò bá sí ẹni tí nǹkan wù, iye ìwò rẹ̀ kò sí rárá, bó ti wù kó ṣọ̀wọ́n tó. Mo ní ọ̀ninì kan nínú àpò kékeré, wọ́n rọ ọ́ ní 1936, orúkọ Edward Kẹjọ ló wà lára rẹ̀, ọba tó fi adé sílẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Kò sí owó rẹ̀ kankan tí wọ́n ná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ni a ná an níbí, torí pé owó oníhò tiwa kò nílò àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan tó. Kò sí fàdákà nínú rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n nǹkan kan. Ìtàn ni ẹni tó bá rà á ń san owó lé lórí.

Àmọ́ ilẹ̀ tí mò ń gbé yìí mọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ. Kí ṣílè tó gbilẹ̀ láàárín àwọn Urhobo, mànílà ni owó: bàbà tàbí idẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé. Àwọn Pọtogí ló kọ́kọ́ ń fi ọkọ̀ kó o wá, lẹ́yìn náà ni Birmingham ń rọ ọ́ ránṣẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500 pé ẹ̀gbà idẹ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń ra ènìyàn kan ní ìhà Benin. Ìgbà tí mo kà á ni mo kọ́kọ́ gbé mànílà lé òṣùwọ̀n mi tí ọwọ́ mi gbọ̀n. Ìwọ̀n kan wà tí òṣùwọ̀n kò lè kà.

Ìjọba àmúnisìn pinnu láti pa mànílà rẹ́ torí pé iye rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣílè kì í dúró sójú kan. Ní 1948 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ aráàlú, pàápàá ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn níbi tó ti ṣì ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1949, kì í ṣe owó mọ́. Ó ju mílíọ̀nù 32 lọ tó wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tọ́rọ́ kan ni wọ́n ń san lórí rẹ̀. Wọ́n kó o jọ bí òkìtì òkúta, wọ́n sì tà á fún oníṣòwò irin ní Yúróòpù ní ìwọ̀n, tọ́ọ̀nù 2,460, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n parí ìṣirò, wọ́n ti pàdánù bí £284,000 lórí ètò náà. Kò sí ẹni tó wò wọ́n. Nínú mílíọ̀nù 32 yẹn, ó dájú pé àwọn tó ti dàgbà ní igba ọdún wà níbẹ̀, àwọn tí ìyàwó ẹnì kan fi wọlé ọkọ wà níbẹ̀. Gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 75 kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àwọn kan fi pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn akówójọ ń wá kiri báyìí.

Mo fẹ́ dúró síbẹ̀ kí n sì sọ pé iná tó ń yọ́ owó ni ọ̀tá. N kò lè sọ ọ́. Ní 2023 àwọn onímọ̀ láti Jámánì fi hàn pé mànílà tí wọ́n rọ látinú idẹ ilẹ̀ Rhine bá èyí tó wà nínú àwọn ère Benin mu. Àwọn alágbẹ̀dẹ Igun ní Benin gba owó tí wọ́n fi ra ènìyàn, wọ́n jù ú síná, wọ́n sì fi rọ ojú ọba àti ìyá ọba. Ta ni yóò sọ pé kí wọ́n ti fi mànílà náà sílẹ̀ bó ṣe wà? Iná Igun gba ìwọ̀n, ó sì dá ìwò padà ju èyí tó gbà lọ.

Iná tí èmi mọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìyọ́rin tó wà láàárín Ovwian àti Aladja, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1982, tí wọ́n kọ́ kó lè máa mú mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù irin jáde lọ́dún. Ìléru oníná mànàmáná ni, ooru rẹ̀ ju 1,600 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fàdákà kò nílò tó bẹ́ẹ̀; kó tó dé 962 ó ti di omi. A máa ń da àlòkù irin mọ́ irin tuntun nínú ìléru: gééètì, ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀pá ìdábùú, ohun gbogbo tí àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù bá fi ọmọlanke tì dé. Ní ọjọ́ kan mo rí orí ẹ̀rọ ìránṣọ Singer kan nínú òkìtì náà. Wúrà tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ ṣì ń dán, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu. Obìnrin kan ti fi ẹsẹ̀ wa ohun yìí. Ó ti fi rán aṣọ ọdún fún àwọn ọmọ kan. Mo fẹ́ gbé e sápá kan, àmọ́ kíréènì ti ń bọ̀, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Kíréènì gbé e pẹ̀lú ìyókù. Ó mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan lókè, ó sì wọlé. Mo wo ìwé àkọsílẹ̀ wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: àlòkù irin, tọ́ọ̀nù mélòó, aago mélòó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ìwọ̀n nìkan ni òótọ́, pé ìyókù jẹ́ àròsọ àwọn tó lówó àfiṣòfò, mo máa ń rántí abẹ́rẹ́ yẹn. Ìwọ̀n pàápàá kò sì dúró bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, áúǹsì fàdákà sún mọ́ àádọ́ta dọ́là. Kí oṣù kẹta tó parí ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí mọ́kànlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kò tó dọ́là márùn-ún. Lásìkò tó gòkè yẹn, àìmọye owó àtijọ́ ló wọ iná ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó kọ ọdún wọn sílẹ̀ kó tó dà wọ́n sínú ìkòkò. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìrọwó lè sọ iye tí wọ́n rọ. Kò lè sọ iye tó ṣẹ́kù. Bí ìwọ̀n bá ṣe ń gòkè tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ohun tí ìwò ń wá, tó sì ń sọ ìyókù di ohun ọ̀wọ́n.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo fa àtùpà mọ́ra, mo yí sí ti Mama.

Mẹ́sàn-án nínú wọn ti yó dáadáa. Mo ní láti yí wọn síná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó rí ọdún wọn. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni wọ́n, ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn. Ìkẹwàá ní ihò lókè orí ọba, níbi tí wọ́n ti fi ìṣó lu ú. Etí ihò náà dán, ó ti yọ̀, ó dájú pé okùn ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọrùn ọmọ ni wọ́n ti fi í kọ́. Lójú akówójọ, ihò yẹn ti bà á jẹ́ tán. Lójú òṣùwọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ìkọkànlá ni n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. 1914, lẹ́tà H kékeré lábẹ́ ọdún, àmì ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham. Ó jọ pé láti inú àpótí báǹkì ló ti bọ́ sínú àpótí ìyá Mama tí ẹnikẹ́ni kò sì ná an rí. Dúdú tó ní búlúù wà ní gbogbo etí rẹ̀. Mo lè ka imọ̀ ọ̀pẹ náà. Mo lè rí irun irùngbọ̀n ọba. Gíráàmù 5.65, kò dín rárá. N kò fi ọwọ́ kàn án lójú, etí rẹ̀ ni mo dì mú, mo sì gbé e padà sórí aṣọ bí ẹyin.

Tí mo bá ṣe ohun tí Mama ní kí n ṣe, tí mo wọ̀n wọ́n, mọ́kànlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áúǹsì méjì, màá san owó áúǹsì méjì, inú wọn yóò dùn, wọn yóò súre fún mi. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n wọ̀n, mo sì wọ̀n. Òṣùwọ̀n kan náà ni àwa méjèèjì jọ ń wò. Bí mo bá sọ pé gíráàmù 58, wọ́n lè tẹ̀ síwájú kí wọ́n fi ojú ara wọn ka 58. Ẹwà ìwọ̀n nìyẹn: ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ lè jọ jókòó sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwò kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ló mọ ohun tí H yẹn ń ṣe níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, torí pé mo ti fọ méjìlá. Ní gbogbo agbègbè Udu yìí, láti ibí dé orí afárá, n kò mọ ẹlòmíràn tí ṣílè yìí wù. Èmi ni ọjà, èmi ni oníbàárà, èmi náà ni yóò sọ iye. Ẹni tó bá wà nípò yẹn tó sì tún dákẹ́ ti wọn ìmọ̀ ara rẹ̀ mọ́ fàdákà, ó sì ti gba méjèèjì ní iye ọ̀kan.

Mo gbé ìyẹn yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì. Mo ní, ṣé kí n san ìlọ́po mẹ́ta lórí ọ̀kan yẹn kí n sì má ṣàlàyé? Yóò dà bíi pé mò ń ṣe ìtọrẹ àánú, wọn yóò sì máa dúpẹ́ lórí ohun tó jẹ́ tiwọn. Ṣé kí n má rà á rárá? Wọn yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù ní Warri, òun náà yóò sì wọ̀n ọ́n, yóò jù ú síná, òrùka ẹnì kan ni yóò dà. Ohun tó kù ni pé kí n gbé dígí mi dání. Kí n jókòó pẹ̀lú wọn kí oòrùn tó le, kí n fi H hàn wọ́n, kí n fi imọ̀ ọ̀pẹ hàn wọ́n, kí n gbé ọ̀kan nínú tèmi tí mo ti fọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ìyàtọ̀. Kí n sọ iye ìwọ̀n rẹ̀, kí n sì sọ iye tí mo rò pé akówójọ lè san ní Èkó, kí n tún sọ fún wọn pé èyí kejì kò dájú, pé ó lè gba ọdún kan ká tó rí ẹni tó fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní kí n ṣì wọ̀n ọ́n mọ́ ìyókù, ọ̀rọ̀ ti di tiwọn. Bí wọ́n bá sì ní àwọn yóò gbé e padà sínú àpótí ìyá àwọn, yóò dùn mí, mo mọ̀. Ó wù mí gan-an.

Èyí tó ní ihò, n kò ní í bèèrè iye. Màá kàn bèèrè ọrùn ta ni ó ti wà.

Mo ya bébà, mo kọ nọ́ńbà méjì sí i, ọ̀kan fún mẹ́sàn-án, ọ̀kan fún 1914. Mo fi bébà funfun mìíràn wé ọ̀kan yẹn láìnù ún. Mo di àwọn mẹ́sàn-án pọ̀. Mo fi èyí tó ní ihò sínú àpò àyà ẹ̀wù tí màá wọ̀. Omi tó ń kán sínú korobá ti dákẹ́, aago mẹ́rin àbọ̀ sì ti lù. Mama máa ń jáde lọ sọ́jà kí aago mẹ́fà tó lù. Tí mo bá wẹ̀ nísinsìnyí, màá bá wọn nílé.